Orí Ìdánwò Zoulfath

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, Kafilatou ìyàwó mi kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ń ro ẹ̀kọ lówùúrọ̀, ó fà sẹ́yìn kúrò nídìí iná, ó jókòó sórí àpótí, kò sì dìde mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ náà. Ohun kan ni mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí pé gbogbo ohun tó kù dá lé e. Tata Alimatou ló wẹ̀ ẹ́. Òun ló máa ń wẹ àwọn obìnrin tó bá kú ní àdúgbò wa ní Tchaourou, láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó wọ yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì tó ń ràn án lọ́wọ́. Kò pẹ́ rárá tó fi lé àwọn méjèèjì jáde. Òun nìkan ló ṣe é parí. Nígbà tó jáde, kò wo ojú mi. Ó ní, "Bùràdá, mo ti ṣe é tán," ó sì kọjá lọ fọ ọwọ́. Mo rò pé àárẹ̀ ni.

Zoulfath ni àbíkẹ́yìn wa. Ó ń kọ́ iṣẹ́ irun lọ́dọ̀ Kaoussara, tí àtẹlíyé rẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ rẹ̀, wà lẹ́bàá ojú irin, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń di iṣu. Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ síbẹ̀. Ọdún náà ló yẹ kí wọ́n dá a sílẹ̀, ohun tí a ń pè ní libération: ọ̀gá á pe ẹbí àti ará àdúgbò, ọmọṣẹ́ á kúnlẹ̀, wọ́n á ṣe àdúrà fún un, wọ́n á da pọ́dà funfun lé e lórí, á sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá dá sílẹ̀, kò sí ibi tó lè ṣí àtẹlíyé sí tí wọn kò ní bi í pé ta ló tú u sílẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi sìn á di asán.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Zoulfath wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa kóró kaju. Ó tú ìborí rẹ̀, ó yí ìpàkọ́ sí mi. Ojú ibì kan ti pá níbẹ̀, ó rí roboto bí ẹnu ife, ó ń dán. Kò sí egbò, kò sí èépá. Awọ nìkan ni, bí awọ ọmọ tuntun.

"Ta ló fá a fún ọ?"

"Papa, ẹnikẹ́ni ò fá a. Mo jí, mo bá a bẹ́ẹ̀ ni."

Mo ní kó lọ fi òrí pa á. Kí ni mo tún lè sọ?

Kí àgbàdo tó gbó, ojú pípá náà ti di púpọ̀, wọ́n sì ti ń pàdé ara wọn. Lówùúrọ̀, irun máa ń kún orí ìrọ̀rí rẹ̀ bí koríko gbígbẹ. Ó gbá a jọ, ó sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Nígbà tó yá, irun ojú rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Mo jókòó tì í nídìí oúnjẹ, mo wò ó, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ti gbé ojú ọmọ mi lọ, tó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ní dandan ni kí ẹnìkan ti mú irun rẹ̀ ní àtẹlíyé lọ fi ṣe nǹkan. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó pa á mọ́ nínú ilé mi, ó lọ là á ní ilé ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ ọjà Alafiarou, èmi àti Zoulfath kó iṣu lọ. Bí a ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ká ìborí lórí ọmọ náà. Ìyá arúgbó kan tó ń ta wàrà ní ẹ̀gbẹ́ wa rí i. Ó fi wàrà sílẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Ìgbà wo ni ọkọ rẹ lọ?"

Zoulfath he ìborí náà nílẹ̀. "Maman, mi ò tí ì lọ́kọ."

"O ò lọ́kọ? Ta wá ló fá ọ lórí?" Ìyá náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Àbí bàbá yìí ni ọkọ? Ó ṣì ń mí kẹ̀! Ẹ ò jẹ́ kó kú ná kí ẹ tó fá a!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin alápatà kan ní, "Papa, ẹ yára o, opó yín ti ń dúró."

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò mọ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Látijọ́, nígbà tí ọkùnrin bá kú, wọ́n á fá orí ìyàwó rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn àgbà kò tí ì fi í sílẹ̀. Obìnrin tí orí rẹ̀ bá ń dán, ọkọ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ní Kika, níbi tí wọ́n ti bí Kafilatou, wọ́n di èyí mú ju ibikíbi lọ. Wọ́n ní obìnrin tó bá fá orí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, ikú ló ń pè fún un.

Zoulfath kò rẹ́rìn-ín. Ó so ìborí rẹ̀ mọ́ orí ṣinṣin, ó sì ta iṣu náà tán láì gbé ojú sókè.

Lẹ́yìn èyí, Kaoussara ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń di irun fún oníbàárà nínú ilé. Ó mú mi jáde sí abẹ́ ibòji.

"Tonton, ẹ jókòó."

"Mo fẹ́ràn kí n dúró."

"Tonton, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọwọ́ ọmọ yín dára ju ti gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ojú làwọn oníbàárà fi ń ra irun. Ìyá kan bi mí lánàá, ó ní, 'Kaoussara, àtẹlíyé irun lo ṣí ni, àbí ti abẹ?' Méjì ti sá lọ. Wọ́n ní ó ń ràn."

"Kò ràn."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

"Ẹ mọ àṣà mi," ni Kaoussara wí. "Lọ́jọ́ ìdásílẹ̀, ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú orí ìdánwò wá: ẹnìkan tó máa jókòó níwájú gbogbo èèyàn, kí ọmọṣẹ́ náà sì di irun fún un. Ẹni yẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọṣẹ́ mi. Tí Zoulfath bá rí orí, mo dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó padà sílé ìwé. Tí kò bá rí i, ẹ má bínú sí mi. Kò sí bí mo ṣe lè sọ pé alágbẹ̀dẹ ni ẹni tí kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ́ fún."

Ó tọ́. Ìyẹn ló mú kó dùn mí. Bó bá jẹ́ ìwà ìkà ni, ǹ bá mọ bí n ó ṣe bá a wí.

Zoulfath bẹ̀rẹ̀ sí í wá orí. Salma, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ máa ń sùn lórí ẹní kan, sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, irun tí mo ṣe ṣì tuntun ni, mi ò lè tú u." Ní ọjọ́ kejì, ó tú u, ó lọ di òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin àbúrò mi ní orí ń fọ́ òun. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná." Ó ṣì ń rò ó.

Ní ọjọ́ kan mo dé láti oko, mo bá àpò Zoulfath ní ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Nàìjíríà. Màá gba Kika kọjá. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí níbẹ̀."

"Kí lo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

"Ohunkóhun tí kò bá ti kan orí."

"O kò lọ síbì kankan. Ìyá rẹ ló fi ọ́ sẹ́nu iṣẹ́ yìí."

"Maman ti kú, Papa." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé omi ti tán nínú ìkòkò. "Ẹ bá mi wá orí kan péré, màá dúró."

Mo gbé àpò náà padà sínú ilé. Kò bá mi jà á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àpò tí a gbé wọlé lónìí lè jáde lọ́la, nígbà tí mo bá wà lóko.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Tata Alimatou wọlé tọ̀ wá. Kò tíì wá láti ọjọ́ àdúrà ogójì. Ó wo Zoulfath, ó wo orí rẹ̀, kò sì bẹ̀rù. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Gbogbo ẹni tó ń rí i ń fò sẹ́yìn. Obìnrin yìí wò ó bí ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí.

"Bùràdá, lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú ọmọ yìí lọ sí Parakou. Ẹ béèrè ilé Tata Adéọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ilé ìjọsìn ńlá."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ má bi mí."

"Alimatou, mo bi ọ́."

Ó dìde. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, ọwọ́ tó ti hunjọ nítorí omi. "Ẹni tó ń wẹ òkú kì í ròyìn òkú. Ẹ̀sìn wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà mú un lọ."

N kò lóye rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, a wọ tàkísì.

Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn àgbàlá náà, mo fẹ́ yí padà. Àwọn obìnrin jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, orí wọn ṣí sílẹ̀. Àwọn kan pá láti iwájú dé ìpàkọ́. Àwọn kan ní irun níbì kan, kò sí níbòmíràn. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn, kò ní irungbọ̀n, kò ní irun ojú. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ti rí ọkọ̀ ojú irin tó ṣubú, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí.

Obìnrin gíga kan dìde. "Ẹ káàbọ̀. Èmi ni Adéọlá. Ọmọ, wá jókòó. Ìborí ń mú ooru. Tó o bá fẹ́, tú u. Tí o kò bá fẹ́, fi í sílẹ̀."

Zoulfath tú u. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Ọkùnrin náà na ẹ̀pà sí i.

Adéọlá sọ̀rọ̀ bí tíṣà, ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ó ní àrùn náà ní orúkọ, pélade ni èdè Faransé ń pè é, dókítà awọ ara ló sọ ọ́ fún àwọn. Ó ní àwọn ọmọ-ogun wà nínú ara ènìyàn tó ń bá àìsàn jà. Nígbà mìíràn wọ́n á ṣi irun mú fún ọ̀tá, wọ́n á gbógun tì í. "Kò ràn. Ẹnikẹ́ni ò fi ṣe ọ́. Ó lè hù padà, ó lè má hù. Dókítà á wò ọ́, á sọ èyí tó bá lè ṣe. Ó tún máa ń rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn."

"Kò sí irú rẹ̀ nínú ẹbí wa," ni mo wí.

Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ìdí igi ti ń wo Zoulfath láti ìgbà tó ti tú ìborí. "Ọmọ, kí lorúkọ ìyá rẹ?"

"Kafilatou. Ará Kika ni. Tchaourou là ń gbé."

Ẹ̀rín dá. Ìyá náà tọ́ka sí àga onírọ́bà kan tó wà lófo láàárín wọn. "Ìyá Kika! Láti ọjọ́ yìí la ti ń retí rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́. Àìsàn ló ń ṣe é ni?"

"Ó ti kú," ni Zoulfath wí.

Wọ́n figbe ta. Ìyá náà fi ọwọ́ lé orí pípá rẹ̀, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Mo rò pé wọ́n ti ṣì í mú fún ẹlòmíràn.

"Ẹ gbọ́," ni mo wí. "Ìyàwó mi ní irun. Mo máa ń rí ìdì rẹ̀ létí ìborí, lẹ́bàá etí rẹ̀, lójoojúmọ́."

Adéọlá mú ìborí rẹ̀ láti orí itan, ó yí etí rẹ̀ síta. Ìdì irun wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí a fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ aṣọ, ó dọ́gba, ó dára.

"Bí irú èyí?" ni ó bi mí. "Òun ló rán an fún mi. Òun ló rán an fún gbogbo wa."

Zoulfath gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìránṣọ náà. Oníṣẹ́ irun ni. Kò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. "Ọwọ́ Maman ni," ni ó wí.

Àga tó súnmọ́ mi jù ni mo jókòó sí, àga òfo náà sì ni. Obìnrin tí mo bá gbé láti ìgbà èwe, tó ń gbé omi ìwẹ̀ fún mi, tó mọ̀ bí mo ṣe ń wúkọ́, n kò mọ orí rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo orí tọ̀sán-tòru. Mo rò pé ìfọkànsìn ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Bó bá ní òun ń lọ ra ọṣẹ ní Parakou, mo rò pé ọṣẹ ni.

"Kí ló dé tí kò fi sọ?" ni mo bi wọ́n.

Ìyá àgbà náà ló dáhùn. "A sọ fún un títí. Ó ní, 'Ọkọ mi wà láàyè. Mi ò ní gbé orí opó rìn nínú ilé rẹ̀. Bí mo bá ṣí i, tí nǹkan sì ṣe é, wọ́n á ní èmi ni mo pè é.' Ó ní ẹnìkan ṣoṣo lòun sọ fún, ẹni tó máa wẹ òun."

Zoulfath ní, "Èmi ńkọ́?"

"Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá ọ sílẹ̀ lòun máa ṣí i hàn ọ́. Kò fẹ́ kí ẹ̀rù bá ọ lẹ́nu iṣẹ́."

Ọmọ náà sunkún níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tó parí, ó sọ ọ̀rọ̀ orí ìdánwò fún wọn. Wọ́n wo ara wọn.

Adéọlá fi ọwọ́ pa irun tó kù sí orí rẹ̀. "Tèmi kò pé. Ṣé Kaoussara ní kó pé?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

Ọjọ́ ìdásílẹ̀ dé. Wọ́n ta àgọ́ lẹ́bàá ojú irin. Àwọn ọmọṣẹ́ mìíràn ti mú orí wọn jókòó, irun dúdú, irun kíkún. Lẹ́yìn wọn ni Adéọlá wọlé pẹ̀lú àwọn ará Parakou. Ó jókòó síwájú Zoulfath, ó sì tú ìborí rẹ̀ níṣojú gbogbo Tchaourou. Orí rẹ̀ dà bí oko tí ẹyẹ ti ṣà jẹ. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni ó wí, "kí ọrùn yín lè sinmi."

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Irun wo ló fẹ́ dì níbẹ̀?"

"Èyí tó kù, màdámú. Ìwọ tí tìrẹ pé, kí ló dé tí o kò gbé e wá fún un?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Zoulfath ti bẹ̀rẹ̀. Ó pín irun náà, ó fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ fà á, ó mú ìdì yí etí ojú pípá kọ̀ọ̀kan ká, ìdì kejì sì gba orí ojú pípá náà kọjá bí afárá. Ó ń bò ó lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, n kò lè sọ ibi tí irun kò sí mọ́. Kaoussara tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀, ó fi ìka wá a láti ibi kan dé ibi kejì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní èyí," ni ó wí.

"Rárá, Tata."

"Kúnlẹ̀."

Ẹnìkan sáré na ìborí sí Zoulfath kí wọ́n tó da pọ́dà. Àbúrò mi ni. Ó ti rò ó tán. "Bo orí rẹ, ọmọ yìí! Wọ́n á ní opó ni ọ́!"

Zoulfath kò gbà á. "Anti mi, Maman ló ní ọkọ, ẹ̀mí ọkọ náà ló ń ṣọ́. Èmi ò tí ì ní. Tata, ẹ dà á."

Kaoussara da pọ́dà lé orí pípá náà. Ó funfun báláú, ó ń ṣàn sí ojú rẹ̀ tí kò ní irun, sí ètè rẹ̀. Nígbà náà ni Salma bú sẹ́kún níbi tó dúró sí, àwọn ọmọṣẹ́ yòókù sì hó yèè.

Mo wo Tata Alimatou lókèèrè. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Zoulfath ti ṣí àtẹlíyé sí Parakou báyìí. Irun rẹ̀ kò tí ì hù. Ó ní kí n ṣí àpótí ìyá òun, nítorí pé òun kò lè ṣe é. Mo ṣí i. Ohun tí Kafilatou fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí:

Ìborí aláwọ̀ aró kan, tí a rán ìdì irun dúdú mọ́ létí.

Ìborí aláwọ̀ ewé kan, tuntun jùyẹn lọ. Ó ti fi òwú funfun díẹ̀ lọ́ mọ́ ìdì tirẹ̀, kí ewú rẹ̀ lè máa bá tèmi rìn.

Abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú.

Òòyà onígi kan. Kò sí irun kankan nínú rẹ̀.

Agolo òrí kan, ó kù sí ìdajì.

Ọṣẹ Parakou, ó pọ̀, ó ṣì wà nínú bébà rẹ̀.

Ìborí kan tí kò tí ì rán tán.

Zoulfath.

Àga onírọ́bà kan lábẹ́ igi máńgòrò ní Parakou. Èmi ni mo ń jókòó sí i ní ọjọ́ Sátidé.